Máṣìn Lowó Ọdún

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń rọra parí lọ, ohun kan wà tí ojú kì í ṣàì rí ní àwọn abúlé kòkó tó wà láàárín Ìdànrè àti ìlú Oǹdó. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré á dúró níwájú ilé kan, wọ́n á sọ alùpùpù tuntun kalẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìjókòó rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí gbogbo abúlé mọ̀ sí alágbàṣe bàbá olóko á jáde síta. Á fọwọ́ pa táńkì epo lára, á yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, á bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì bóyá ó bá ti inú ìwé mu. Kò ní í tú ọ̀rá náà. Bó ṣe wà yẹn ló máa gùn ún délé, kí àwọn ará ilé lè rí i pé tuntun ni.

Owó iṣẹ́ odidi ọdún kan nìyẹn. Lábúlé, ọ̀kadà kọ́ ni wọ́n ń pè é, máṣìn ni. Ìgboro ló ni ọ̀kadà, orúkọ tí àwọn aláwàdà yá lára ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tó ti kógbá sílé. Láti oṣù Kìíní tí ọmọkùnrin náà ti dé, ó ti ro oko kòkó, ó tún un ro, ó ti pọn ẹ̀rọ òògùn sẹ́yìn títí èjìká fi bó, ó ti fi dòjé já kòkó, ó ti bá wọn fọ́ ọ, ó ti rù ú dé orí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń sá a sí. Ó jẹun olóko, ó sùn sílé olóko. Owó kò kan ọwọ́ rẹ̀ àfi díẹ̀ tó fi ń ra ọṣẹ àti káàdì fóònù. Nígbà tí ọdún yí po, máṣìn dé.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ. Bàbá olóko á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíì.

Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bíbá àgbẹ̀ rìn, ojú rẹ̀ sì ti rí máṣìn báyìí tó pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó rò ni pé owó lásán ni, pé bí wọ́n ṣe ń san owó lágbègbè náà nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó bi ara rẹ̀ léèrè pé iṣẹ́ wo ló tún wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi san owó rẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ máa gùn kúrò nínú rẹ̀.

Àdéhùn náà rọrùn lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹnì kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, tó gbọ́ èdè, tó sì mọ àwọn olóko, ló máa ń lọ kó àwọn ọmọ wá láti ìlú rẹ̀. Òun ló ń dúró fún wọn. Òun náà ló ń gba nǹkan tirẹ̀ lọ́wọ́ olóko. Wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á dá ohun tí ọmọ náà máa gbà lópin ọdún. Ṣé owó ni àbí máṣìn? Bó bá jẹ́ máṣìn, ṣé Bájáàjì ni àbí àwọn ti Ṣáínà? Ta ló máa sanwó ìwé rẹ̀? Bí ọmọ bá ṣàìsàn ńkọ́? Bó bá kúrò lóṣù Kẹjọ ńkọ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí ọ̀pọ̀ olóko ló gbà pé ẹni tí kò bá parí ọdún kò ní kọ́bọ̀ láti gbà. Nígbà tọ́rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó rọrùn fún olóko tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run láti mú ayé sú ọmọ ọlọ́mọ lóṣù Kọkànlá.

Àwọn kan rò pé fáàrí ọmọdé ló ń mú wọn béèrè máṣìn dípò owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọdún 2023. Nígbà tí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún náà dé oko, dọ́là kan ò ju nǹkan bí 460 náírà lọ nínú ìwé ìjọba. Lóṣù Kẹfà, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kó lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Kí ọdún tó parí, dọ́là ti kọjá 900 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Máṣìn tó ń ti Íńdíà wọlé bá dọ́là gòkè, Bájáàjì tuntun sì kọjá mílíọ̀nù kan náírà lọ́dún 2024 náà. Alágbàṣe tó dá iye owó rí i pé owó ti yọ́ mọ́ olóko lọ́wọ́ kó tó kàn án. Èyí tó dá máṣìn gba máṣìn. Ọmọ tí kò ka ìwé mẹ́fà yanjú ti fi ẹnu lásán ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń fi ìwé ńláńlá ṣàlàyé: ó so owó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ohun tí náírà kò lè fà lulẹ̀.

Olóko náà kò sunkún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà New York, iye tí ẹnikẹ́ni kò rí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ta kòkó níbẹ̀. Owó wọ abúlé bí òjò. Àwọn kan pààrọ̀ páànù, àwọn kan ra ọkọ̀. Alágbàṣe gba máṣìn kan. Máṣìn kan yìí náà ni ẹni tó ṣáájú rẹ̀ gbà nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kò ju nǹkan bí 2,500 dọ́là lọ.

“Iṣẹ́ oko ti sú àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí.” Gbólóhùn yìí kì í wọ́n níbi tí wọ́n bá ti pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, pàápàá nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò jí dé oko Ìdànrè ní agogo mẹ́fà àárọ̀ rí. Ọ̀dọ́ ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ pọ́nńbélé, tí àdá ti ń ró lọ́wọ́ wọn kí oòrùn tó yọ. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í ṣe ọmọ wa. Ìdọ̀mà ni wọ́n, Ìgèdè, Tífì, Ìgbìrà, àti àwọn ọmọ tó gba ẹnubodè wọlé láti ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Kí wá ni ọmọ àlejò rí níbẹ̀ tí ọmọ onílé kò rí? Kò rí nǹkan kan tó yàtọ̀. Ọmọ àlejò ń wá ohun tó máa gbé e kúrò lóko. Ọmọ onílé ti rí ọ̀nà mìíràn gbà kúrò. Àwọn méjèèjì ló ń lọ.

Bẹ́ẹ̀, nígbà kan, iṣẹ́ àgbàṣe kì í gbéni kúrò lóko. Ó ń gbéni wọ oko ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Agége, ní bíi àádọ́fà sí ogóje ọdún sẹ́yìn. Àwọn oníṣòwò Èkó tí nǹkan kò ṣẹnuure fún mọ́ létí òkun lọ sí ìgbẹ́ Agége lọ gbin kòkó. Jacob Kehinde Coker, ẹni ńlá nínú ìjọ African Church, ló lókìkí jù nínú wọn. Ifákò ni oko rẹ̀ wà. Apá ìyàwó àti ọmọ kò lè ká irú oko bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹrú láti rà mọ́. Alágbàṣe ni wọ́n gbà, ọ̀pọ̀ wọn láti àwọn ìlú Yorùbá tó wà lókè, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn wá, nígbà tó sì yá, wọ́n ń wọ rélùwéè tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Wọ́n sìn fún sáà kan, wọ́n gbowó, wọ́n sì padà sílé. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni wọ́n gbé padà. Wọ́n di hóró kòkó sápò, wọ́n di ọgbọ́n rẹ̀ sórí: bí wọ́n ṣe ń fi ìbòòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ tọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń fi ewé bò ó kó lè kan, ìgbà tí wọ́n ń sá a. A. G. Hopkins, òpìtàn ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Áfíríkà, ti kọ ìtàn wọn sílẹ̀ dáadáa. Nípa bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe rìn wọ inú ilẹ̀ Yorùbá, láti ọwọ́ alágbàṣe dé ọwọ́ alágbàṣe. Akọ̀wé ìjọba tó kọ́ wọn kò tó nǹkan. Ẹni tó ń roko olóko ní Agége lánàá ló di olóko nílùú baba rẹ̀ lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí rò pé ayé àtijọ́ dùn. Ìwọ̀fà wà níbẹ̀, tí Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Ẹni tó yáwó, tàbí ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi yáwó, á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ náà kò sì dín gbèsè kù rárá. Èlé lásán ni iṣẹ́ ń san, owó wà níbi tó wà. Ẹlòmíì ṣe é títí irun fi hu lágbọ̀n rẹ̀. Àáró ló sàn jù. Ọ̀rẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà á pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n á roko ẹnì kan lónìí, wọ́n á roko ẹlòmíì lọ́la, ebè ni wọ́n ń kà, igba-igba, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbèsè ebè. Ọ̀wẹ̀ tún wà, tí ẹni tó ń kọ́lé tàbí ẹni tó ń sin àna máa ń pè, tí olúwa rẹ̀ á fi iyán àti ẹmu tu àwọn èèyàn lójú. Àáró kì í ṣe àánú, ìṣirò ni. Ohun tó mú un dúró ni pé gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ní oko tiwọn. Ọjọ́ tí àwọn kan nínú wọn kò ní oko mọ́ ni àáró kú.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú sí ohun tó lé ní 800,000. Owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, ọmọ tó sì ń bá bàbá fọ́ kòkó ni wọ́n kó lọ sílé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó máa dá wọn lẹ́bi. Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà kún ìgboro, iṣẹ́ ò sí. Ìjọba wá dá fáàmù sẹ́túmẹ́ǹtì sílẹ̀ láti ọdún 1959, nígbà tí Gabriel Akin-Deko wà ní ipò mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Akùfọ̀ wà lára wọn, Ìlọrà, Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n kọ́lé fún àwọn ọmọ náà, wọ́n yá wọn lówó, wọ́n yan ohun tí wọ́n máa gbìn fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù kúrò kí igi tó so. Àwọn aláṣẹ ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n sọ pé olóko ni ọmọ náà, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó ń ṣe, àṣẹ ni wọ́n ń pa fún un, bí alágbàṣe ìjọba. Gbèsè nìkan ló jẹ́ tirẹ̀ pátápátá.

Àwọn oníkòkó tó kù ń lo ọgbọ́n tiwọn. Lọ́dún 1985, Sara Berry, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ti gbé láàárín àwọn oníkòkó lágbègbè Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé iṣẹ́ ọmọ ni bàbá ń ṣe. Ó tọpa ibi tí owó kòkó gbà lọ. Kò padà sóko. Ó lọ sílé ẹ̀kọ́, ó lọ sídìí òwò, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹ́káníìkì ní Ilé-Ifẹ̀, tí Berry fi odidi orí kan nínú ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ọmọ oníkòkó di mẹ́káníìkì. Lónìí, bí máṣìn ọmọ Ìgèdè bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ-ọmọ oníkòkó kan ló máa tún un ṣe.

Epo rọ̀bì wá parí rẹ̀. Pẹ̀lú owó epo náà, ìjọba tẹ̀ lé àbá ìgbìmọ̀ Udoji, ó fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún 1974, owó òòjọ́ bíríkìlà ní Èkó sì fò kọjá ohun tí àgbẹ̀ lè san. Lọ́dún 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation kalẹ̀, wọ́n sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sóko nígbà ìsinmi gígùn, wọ́n ń sanwó fún wọn. Èrò náà kò burú. Ṣùgbọ́n koríko kì í dúró de ìsinmi.

Ní Gánà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà, ó sì yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Àwọn Àkàn ní àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní abúsà: ẹni tó ń tọ́jú oko kòkó olóko máa gba ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí oko bá mú wá. Bí kòkó bá gòkè, tirẹ̀ náà gòkè. Èkejì rẹ̀ ni abúnù. Olówó ilẹ̀ á fún àlejò ní ìgbẹ́. Àlejò á ṣán an, á gbin kòkó, á tọ́ ọ títí á fi so. Nígbà náà, wọ́n á pín oko náà sí méjì, ìdajì onílẹ̀, ìdajì ẹni tó gbìn ín. Láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, alágbàṣe di olóko. Àwọn Yorùbá kan mọ̀ ọ́n dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn wa wà ní Gánà títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú. Oko kòkó Gánà fara gbá a nígbà náà, nítorí àlejò ló ń ro púpọ̀ nínú wọn. Àwa náà lé àwọn ọmọ Gánà padà lóṣù Kìíní ọdún 1983. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ orúkọ ọ̀rọ̀ náà dòní.

Kí ló dé tí irú abúnù kò fi wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa? Ilẹ̀ ni. Nínú àṣà wa, ẹni tó bá gbin igi tó ń so ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ilẹ̀ di tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí onílẹ̀ fi ń sọ fún àlejò pé kó gbin àgbàdo, kó gbin ẹ̀gẹ́, kó má dán igi wò. Àwọn ará Ìbàdàn àti Ọ̀ṣun tó lọ gbin kòkó sílẹ̀ Oǹdó àti Ifẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ láti ìran dé ìran, ẹjọ́ rẹ̀ sì pọ̀ ní kóòtù. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ wà. Lábúlé, wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má láàlà. Bí ti bàbá àti ọmọ bá le tó báyìí, ẹ ro ti bàbá àti ọmọ Àgátú.

Àgátú: orúkọ tí a fún àwọn alágbàṣe wọ̀nyí nìyẹn. Àgátú gan-an jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Bẹ́nuè, tí ìkọlù oṣù Kejì ọdún 2016 sọ ọ̀pọ̀ abúlé rẹ̀ di ahoro. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pè bẹ́ẹ̀ kò ti ibẹ̀ wá. Ìgèdè ni wọ́n, ẹ̀yà tó ní ọdún iṣu tirẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án, tó ní èdè tirẹ̀. Olóko lè gbé pẹ̀lú ọmọ náà fún ọdún kan kó má mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn ti Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́? “Ọmọ Kútọnu” ni gbogbo wọn, àní ẹni tó ti Kétu wá, tó ń sọ Yorùbá tó jinlẹ̀ ju ti olóko lọ.

Àwọn ọmọ Kútọnu yìí náà ń ṣírò. Owó sẹ́fà dè mọ́ yúrò, náírà ò dè mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń kó náírà lọ sílé lẹ́yìn ọdún 2023 rí i pé ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹnubodè tí ìjọba tì láti oṣù Kẹjọ 2019 di oṣù Kejìlá 2020 ti kọ́kọ́ dá wọn dúró. Náírà ló wá jẹ́ kí ọ̀pọ̀ má rí ìdí tí wọ́n á fi kọjá mọ́. Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí kò ṣeé fojú fò: àwọn tó ń bọ̀ kò dàgbà bákan náà. Lọ́dún 2003, wọ́n dá àwọn ọmọdé tó lé ní ọgọ́rùn-ún padà sí Bẹ̀nẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa gbà kí ọmọdé ṣe iṣẹ́ fẹ́rẹ́ lóko ẹbí rẹ̀, kò gbà kó ṣe é fún àlejò. Olóko tó bá rí ọmọ ọdún mẹ́tàlá nínú àwọn tí wọ́n kó wá, kó má bi ẹni tó kó wọn wá léèrè ọjọ́ orí. Kó dá a padà.

Àwọn obìnrin kò sí nínú ọ̀rọ̀ máṣìn. Àwọn ló ń kó hóró kòkó jáde nínú èèpo, tí wọ́n ń gbé e lọ síbi tó ti máa kan, owó òòjọ́ ni wọ́n sì ń gbà, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Ibi tí iṣẹ́ wọn ti pọ̀ jù ni ìdí gàrí. Nàìjíríà ló ń mú ẹ̀gẹ́ jáde jù lágbàáyé, ọwọ́ obìnrin ló sì ń bó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, lórí ìjókòó kékeré, láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn á fi dì. Wò ó dáadáa níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe gàrí: ọkùnrin ló wà nídìí ẹ̀rọ, obìnrin ló wà nídìí ọ̀bẹ. Owó tó ń wọlé lóòjọ́ ń tán lóòjọ́. Kò sí ẹni tó máa gbé nǹkan tuntun tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ilé obìnrin tó bó ẹ̀gẹ́ ọdún kan.

Òògùn koríko ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba oko ro. Ohun tí ọkùnrin mẹ́rin ń fi ọkọ́ ṣe lọ́jọ́ méjì, ẹnì kan á fi ẹ̀rọ tó ń gba lítà 16 fín in láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn àgbẹ̀ kò ní padà sẹ́yìn lórí èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fín in, lọ́pọ̀ ìgbà, kò wọ ìbọ̀wọ́, kò bo imú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ka ohun tó wà lára ike. Àjọ NAFDAC fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, torí pé ẹ̀kán díẹ̀ rẹ̀ tó bá wọ inú lè pààyàn. Ike tó kù nílé kò mọ̀ pé òfin ti jáde.

Níbí, ẹni tó ń kọ̀wé yìí gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Lọ́dún kan, wọ́n rán an lọ sí abúlé kan láti kọ́ àwọn oníkòkó bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka igi kòkó kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, kí kòkó má baà máa dúdú lórí igi. Wọ́n ta tẹ́ǹtì. Àwọn bàbá jókòó, wọ́n tẹ́tí, wọ́n bi ìbéèrè ọlọ́gbọ́n, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Lọ́dún kejì, ó padà lọ wo oko. Ẹ̀ka kan kò kúrò. Kò yé e títí tó fi bi bàbá kan pé ta ló ń gé igi lóko rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó gé igi ti gba máṣìn rẹ̀ lọ láti oṣù Kejìlá, kò sì sí lábẹ́ tẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, torí pé oko ló wà. Wọ́n ti kọ́ ẹni tó ni àdá. Ẹni tó ń lo àdá kò gbọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pè é, Yorùbá tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ kò lè yé e dópin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kan, torí ìṣirò yìí máa ya àwọn kan lẹ́nu. Owó oṣù tó kéré jù lọ, tí òfin oṣù Keje ọdún 2024 gbé dé 70,000 náírà, jẹ́ 840,000 náírà lọ́dún. Máṣìn tuntun ju bẹ́ẹ̀ lọ, olóko sì tún ń bọ́ alágbàṣe, ó fún un nílé. Nítorí náà, alágbàṣe ọlọ́dún kan kò kéré sí mẹ́séńjà ọ́fíìsì lówó. Òfin kan náà kò ka tirẹ̀ mọ́ iṣẹ́ o: ó yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀, ó sì dárúkọ iṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà bíi ti oko láàárín àwọn tí kò kàn. Ṣùgbọ́n kíkéré owó kọ́ ni àrùn ibẹ̀. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni pé kò sí ohun tó tẹ̀ lé e. Mẹ́séńjà lè di akọ̀wé. Alágbàṣe tó bá ṣe ọdún kejì máa gba máṣìn kejì, kí ló fẹ́ fi méjì ṣe? Èkó tó máa ń lọ fi èyí tó kọ́kọ́ gbà wá owó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò lóṣù Kejì ọdún 2020, ó sì tún fún òfin náà le lóṣù Kẹfà ọdún 2022.

Kòkó sì ń darúgbó. Ọ̀pọ̀ igi tó wà lóko àwọn bàbá ti ju ogójì ọdún lọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ láti ọdún 1964 ti mú irú tuntun jáde tó ń tètè so. Irú tó dára wà. Ọwọ́ tó máa tọ́ ọ ni kò sí. Ọmọ kòkó ń fẹ́ ìbòòji, ń fẹ́ ìroko léraléra, ń fẹ́ ẹni tó máa padà lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó mú nǹkan wá. Ẹni tó ń lọ lóṣù Kejìlá kò ní í sùn sídìí igi tó máa so lọ́dún mẹ́ta sí i. Kò sì yẹ ká retí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Olóko kan wà lẹ́bàá Ìdànrè tó gbìyànjú ohun mìíràn. Alágbàṣe rẹ̀, ọmọ Ìgèdè kan, ti gba máṣìn kan, ó tà á, ó sì padà wá. Bàbá náà fún un ní apá kan oko tí kòkó rẹ̀ ti kú, wọ́n sì jọ dá a pé bó bá tún un gbìn, tó tọ́ ọ títí ó fi so, ìdajì igi náà di tirẹ̀ láti máa ká, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ojú ewé kan nínú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé wọn kò pe ẹbí onílẹ̀ sí i. Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í so, wọ́n yọjú, ó sì ná bàbá náà lówó àti ọ̀pọ̀ ìpàdé kó tó parí.

Olóko tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ pe ẹbí onílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Kí wọ́n ka igi, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ alágbàṣe náà bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, kí wọ́n má kọ Àgátú. Kí gbogbo rẹ̀ sì parí kó tó di oṣù Karùn-ún, torí ìgbà yẹn ni ọmọ kòkó ń wọ ilẹ̀.